Kọ́nà Ni Mo Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Bíríkìlà ni obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kó má yà yín lẹ́nu o. Ó ti sú òun fúnra rẹ̀ láti máa dá àwọn tó ń yà lẹ́nu lóhùn. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń mọlé, ọ̀pọ̀ ògiri táwọn èèyàn ń fẹ̀yìn tì lójoojúmọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Kọ́nà ni gbogbo èèyàn ń pè é, àti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, nítorí pé bó bá ti dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, kò ní tíì kí wọn tán tí yóò fi lọ dúró sí igun kan. Á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ níbẹ̀, á kan èèkàn mọ́lẹ̀, á so okùn mọ́ ọn. Ìgbà tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúró tán ló tó ń béèrè omi mu.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá náà ò bí ọkùnrin, kò sì jókòó sunkún. Ó mú ọmọbìnrin tí Ọlọ́run fún un, ó gbé ike omi rù ú, nígbà tó di ọdún kejì ó fi ṣíbí sìmẹ́ńtì lé e lọ́wọ́. Àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro wọ́n. Ẹ̀kọ́ tí bàbá náà kọ́kọ́ kọ́ ọ kò gùn rárá. "Kò sẹ́ni tó ń mọ ògiri láti àárín. Mú igun dáadáa, àárín á wá bá ẹ níbẹ̀." Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìpìlẹ̀ gún, wọ́n á na okùn láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, wọ́n á tún na òmíràn láàárín igun méjì tó kù. Bí okùn méjèèjì bá gùn bákan náà, ilé gún. Bí ọ̀kan bá fi ìka kan péré gùn ju èkejì lọ, ẹ tú u, ẹ tún un ṣe, kódà kí onílé máa bú yín.

Ibi iṣẹ́ náà ni Kọ́nà ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Gáàdì kan wà níbi ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń kọ́, arúgbó tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi rí. Ó fi ìdérí ìgò ṣe ọmọ ayò, ó sì fi èédú ya ilé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta sórí pákó. Kọnkéré tí wọ́n bá dà láàárọ̀ kì í yára gbẹ, kò sì sẹ́ni tó lè kánjú fún un. Níbi tí wọ́n ti ń dúró dè é ni gáàdì ti fi hàn án bí ẹṣin ṣe ń fò, bí bíṣọ́ọ̀bù ṣe ń yọ́ rìn láti igun dé igun, bí ọmọ ogun ṣe ń lọ síwájú tí kì í padà sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fún un ní funfun pé kó ṣí ayò, Kọ́nà wo pátákó náà pẹ́, bó ṣe máa ń wo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Kò fọwọ́ kan ọmọ ogun ọba, kò fọwọ́ kan ti ayaba. Ọmọ ogun kejì láti etí, lọ́wọ́ òsì, ló tì síwájú ilé méjì. Nígbà tí gáàdì ta tirẹ̀ tán, Kọ́nà gbé bíṣọ́ọ̀bù wọ ààyè tí ọmọ ogun náà fi sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù yẹn wá dúró níbẹ̀, ó ń wo pátákó láti igun dé igun, títí dé ibi tí ilé ìṣọ́ dúdú fara pamọ́ sí.

"Kí lèyí?" gáàdì bi í.

"Okùn ni mo nà."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó di ayò kẹta, ẹ̀rín tán.

Ẹgbẹ́ aláyò ṣẹ́ẹ̀sì agbègbè wọn máa ń pàdé ní Sátidé Sátidé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Kọ́nà ló kọ́ yàrá náà. Nígbà tí wọ́n fún ẹgbẹ́ ní ilẹ̀, òun ló fi Sátidé márùn-ún mọ ọ́n láìbéèrè nǹkan kan, tí àwọn tó kù ń gbé búlọ́ọ̀kù fún un, tí wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Olórí ẹgbẹ́ ni Tíṣà Àgbà, ọkùnrin tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ títí dòní bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló wọn ilẹ̀ yẹn. Ó ní ó gún. Kọ́nà na okùn rẹ̀, ọ̀kan fi ìka mẹ́rin gùn ju èkejì lọ.

"Ìṣirò mi kì í ṣì," tíṣà wí.

"Okùn ò mọ̀wé, sà," Kọ́nà dá a lóhùn. "Ibi tó bá gùn dé náà ló máa sọ."

Ó ní kí wọ́n tú gbogbo èèkàn, wọ́n sì tú u. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀, nítorí tíṣà kì í gbàgbé ẹni tó bá máàkì iṣẹ́ rẹ̀. Yàrá parí, ó dúró ṣánṣán, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Kọ́nà. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún wọn, òun ló ń tì í.

Tíṣà ní ìwé ńlá kan tó ń kọ gbogbo ayò ẹgbẹ́ sí. Ó fi rúlà pín in: ẹni tó ta, ẹni tó borí, bí wọ́n ṣe ṣí i. Gbogbo ìṣí tó wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ló ní orúkọ, tíṣà sì mọ̀ wọ́n lórí bí ẹni mọ orúkọ àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dórí ayò tí Kọ́nà fi funfun ta, ìlà kúkurú kan ló ń fà síbẹ̀, kò ní kọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ìranù ò lórúkọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn kan ti ń ṣí i bẹ́ẹ̀ níbòmíràn látọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ tó wù wọ́n, àmọ́ tíṣà ò ka irú wọn kún. Ọdún mẹ́fà, ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Kọ́nà mọ iye rẹ̀. Ẹni tó ń ka búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ lálẹ́, kí ló wà nínú kíka ìlà?

"Àárín pátákó ni agbára wà," tíṣà á wí, á na ìka sókè. "Ọmọ ogun ọba ni kó o tì. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, olè ni."

"Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, sà."

Gbogbo yàrá á rẹ́rìn-ín, tíṣà náà á rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà á fa ìlà rẹ̀.

Kẹ́ ẹ má tíì bínú sí i jù. Èèyàn burúkú kọ́ ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ Kọ́nà ṣẹ́, ojoojúmọ́ ni tíṣà ń wá kí i pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábíyá, á kà á fún un láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti ìkéde ilẹ̀ títà pàápàá, títí tí aláìsàn fi ń ṣe bí ẹni tó sùn. Ohun tó ń ṣe é ò ju ẹyọ kan lọ: ó gbà pé ohun tí wọn ò bá kọ sínú ìwé, kò sí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan pàdé nínú ìdíje àṣekágbá. Tíṣà bẹ Kọ́nà. Kò pàṣẹ, ó bẹ̀ ẹ́ ni, ó ní nítorí ife ẹ̀yẹ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àgbàlagbà ló ń bẹ̀ ọ́, kí lo fẹ́ ṣe? Kọ́nà ti ọmọ ogun ọba. Ó dà bí ẹni tó ń rìn nínú ilé onílé láìsí iná, kò sí àga tí kò gbá a lójúgun. Ìgbà mọ́kàndínlógún péré ló ta tí ọba rẹ̀ fi kú, ife ẹ̀yẹ sì bá àwọn ará báńkì lọ. Tíṣà ò bá a wí. Ó fi ọwọ́ tó dára jù lọ kọ orúkọ ìṣí ayò náà síwájú rẹ̀ nínú ìwé, ó fà á gùn láti etí dé etí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí orúkọ fi wà níwájú ayò funfun Kọ́nà nìyẹn.

Kì í ṣe pípàdánù ló dùn ún. Ó ti pàdánù rí, yóò sì tún pàdánù. Ohun tó dùn ún ni pé ìyà àyálò ni. Ó jẹ ìyà tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ti wá di tirẹ̀. Ó sunkún nílé ìdáná lọ́jọ́ yẹn, ó bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń sunkún, ó bu omi bọ́jú, ó sọ fún ìkòkò pé òun ò tún ní dán an wò láé.

Ọdún yí po, ó tún di àṣekágbá, àwọn ará báńkì yẹn náà ni. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, tíṣà pe àwọn mẹ́rin tó máa ta ayò jọ. Apòògùn kan ló wà nídìí pátákó kìíní, akọ̀wé kóòtù wà nídìí ìkejì, Kọ́nà wà nídìí ìkẹta, panápaná kan wà nídìí ìkẹrin.

"Kọ́nà, funfun ló kàn ẹ́," tíṣà wí. "O mọ ohun tí wà á ṣí."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ọmọ ogun ọba."

"Rárá, sà."

Panápaná gbójú sókè, ó ń wo òrùlé bí ẹni tó ń gbóòórùn èéfín.

"Mo ní kí lo wí?"

"Mo ní rárá. Mo gbọ́ tiyín lọ́dún tó kọjá, gbogbo wa la rí ibi tó já sí. Lọ́dún yìí, bí mo bá máa kọsẹ̀, ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa fi kọ."

Tíṣà pa ìwé rẹ̀ dé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ó dáa. Lọ ta ìranù ẹ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Bó ò bá borí, ìjókòó ẹ nínú ẹgbẹ́ yìí ti tán. Wà á fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀ sórí tábìlì yìí, wà á sì máa lọ."

"Ọ̀mì ńkọ́?"

"Ọ̀mì kì í ṣe bíborí."

Akọ̀wé kóòtù fẹ́ dá sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀rọ̀ ò tíì le tó báyìí…"

"Má dá sí i, àbúrò," Kọ́nà wí. "Mo gbà."

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́ lẹ́nu tíṣà, gbogbo wọn ló sì gbọ́ bó ṣe balẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tí obìnrin yìí fi lélẹ̀, ẹ rántí pé láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdé, àárín àwọn ọkùnrin tó ń pariwo lé e lórí ló ń wà. Onílé á dé, á gba orí rẹ̀ kọjá lọ bá ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin tó ń po sìmẹ́ńtì, á ní, "Ọ̀gá, báwo niṣẹ́?" Inú yàrá yẹn nìkan ni ẹnì kan ti ń jókòó ní iwájú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tí yóò sì fi gbogbo ara ronú nípa ohun tí òun Kọ́nà ń rò. Ó fẹ́ràn yàrá yẹn ju bó ti ń sọ lọ. Ó mọ búlọ́ọ̀kù tó sán nínú rẹ̀, ó mọ ibi tó fi àtàǹpàkò tẹ sìmẹ́ńtì tútù.

Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìwọ obìnrin yìí! Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu sílẹ̀ fún ẹ, ojú fèrèsé lo máa gbà wọlé."

"Bàbá Ọmọ, ẹ̀yin náà, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń gé bí ẹ bá fẹ́ rán ẹ̀wù?"

"Apá ni."

"Àwọn télọ̀ yòókù ńkọ́?"

"Ara ni wọ́n ń kọ́kọ́ gé. Wọn ò gbọ́n. Apá ló ń ba ẹ̀wù jẹ́. Bí apá bá ti…" Ó dánu dúró. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo síṣọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀. "O burú o."

"Mo kàn béèrè ni."

"Bí wọ́n bá wá gba kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́. Wọn ò lè gba ògiri." Ó sọ ọ́ tagbáratagbára, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì mọ̀. Ó bá a lọ aṣọ tó máa wọ̀ ní Sátidé.

Sátidé pé. Yàrá kún, àwọn tí kò ríbi jókòó fẹ̀yìn ti ògiri. Máníjà báńkì tó lù ú lọ́dún tó kọjá náà ló tún jókòó níwájú rẹ̀, ọkùnrin onítáì tí kì í yé nu jígí ojú rẹ̀. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ máníjà rọ̀ bí búrẹ́dì, ọwọ́ Kọ́nà le, ọkùnrin náà sì wo ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn náà. Kọ́nà ti ọmọ ogun kejì láti etí síwájú ilé méjì, ó tẹ aago tó ń ka àkókò wọn.

Máníjà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti ọmọ ogun ọba tirẹ̀ sí àárín pátákó. Kọ́nà na okùn rẹ̀: bíṣọ́ọ̀bù wọ ààyè. Máníjà wá rí ọmọ ogun funfun tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni, kí ló kù? Bíṣọ́ọ̀bù dúdú rẹ̀ fò wá jẹ ẹ́. Kọ́nà ò tiẹ̀ mí kanlẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ rìn lórí okùn lọ sí àárín pátákó, ó gbé ọmọ ogun dúdú tó wà níbẹ̀ mì, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà ibi tí ọba dúdú fẹ́ sá pamọ́ sí. Ó fún un ní ẹ̀gbẹ́, ó gba àárín. Ẹ̀rín máníjà gbẹ. Ó bọ́ jígí, ó nù ú, ó wọ̀ ọ́, ó tún bọ́ ọ. Ìṣẹ́jú méjìlá ló lò kó tó ta èyí tó tẹ̀ lé e.

Tíṣà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó káwọ́ pọ̀ sẹ́yìn, kò fẹ́ wo ibẹ̀.

Ayò náà gùn. Kí n má purọ́ fún yín, Kọ́nà náà ṣe tirẹ̀. Nígbà tó yẹ kó gbé ilé ìṣọ́ jáde, ó ń fi ọmọ ogun kan ṣeré, ẹṣin dúdú sì fò wọlé, ó gba ohun tó gbà. Ó bú ara rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó ku ilé ìṣọ́ kọ̀ọ̀kan, bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ẹṣin ti máníjà, àti ọmọ ogun mẹ́rin mẹ́rin. Aago Kọ́nà ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ti máníjà ku mẹ́sàn-án.

Àwọn tó kù ti parí. Apòògùn borí. Akọ̀wé kóòtù pàdánù, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, ó gbá orí mú. Panápaná borí, ó sì ń jó níta. Ó ti di méjì sí ẹyọ kan. Bí Kọ́nà bá borí, ife ẹ̀yẹ di tiwọn. Bó bá ta ọ̀mì, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ààbọ̀, ife ẹ̀yẹ di tiwọn náà. Bó bá pàdánù, ó di méjì sí méjì, òfin sì ni pé ẹni tí ife wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa gbé e padà sílé.

Máníjà gbójú sókè. "Màmá, ṣé ká pè é lọ́mì?"

Ariwo tó wà níta dà bíi pé ó jìnnà. Kọ́nà wo pátákó. Okùn rẹ̀ ṣì nà síbẹ̀, kò já. Ó lè borí, ó lè pàdánù, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́rin ò sì tó láti fi wádìí lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bó bá gbà á, ìjókòó rẹ̀ lọ. Bó bá kọ̀ ọ́ tó sì pàdánù, ìjókòó lọ, ife lọ, wọ́n á tún ní àgídí ló pa ẹgbẹ́ run.

Nígbà náà ló wá rántí òfin. Nínú ìdíje ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n bá fi ọ̀mì lọ̀ ní àṣẹ láti bi olórí ẹgbẹ́ rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa ayò. Ó lè ní gbà á, ó lè ní má gbà á, ó lè ní ọwọ́ ẹ ló wà. Kọ́nà yí ọrùn padà.

"Tíṣà," ó pè é, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara, "ẹ̀yin lolórí. Ṣé kí n gba ọ̀mì?"

Gbogbo ojú kúrò lára pátákó, ó di ara tíṣà. Àwọn tó mọ àdéhùn yẹn mọ ohun tó ń bi í. Aago ń lọ. Tíṣà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rìn wá, ó sì fojú sí ayò náà, ó wò ó gidi, bó ṣe ń wo iṣẹ́ ọmọ tó dáhùn ìbéèrè ní ọ̀nà tí òun ò kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ tọ bíṣọ́ọ̀bù yẹn láti igun dé igun. Ó wo ife ẹ̀yẹ lórí tábìlì.

"Gbà á," ó wí, kò pariwo.

Kọ́nà na ọwọ́ sí máníjà. "Ọ̀mì ni."

Ẹ wá gbọ́ ariwo! Panápaná gbé apòògùn sókè pẹ̀lú gbogbo sísanra rẹ̀. Máníjà pàápàá dìde, ó bi Kọ́nà léèrè níbo ló ti kọ́ irú ìṣí yẹn, Kọ́nà ní "níbi iṣẹ́." Nígbà tí àwọn ará báńkì lọ tán, tó ku àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan, tíṣà jókòó ti ìwé ńlá rẹ̀, ó yọ bírò. Kọ́nà rìn lọ síwájú tábìlì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ẹ̀yẹ. Ó dún ko.

Gbogbo wọn yíjú sí tábìlì.

"Kí lèyí?" tíṣà bi í.

"Mi ò borí, sà. Ọ̀mì kì í ṣe bíborí."

"Kọ́nà, mú kọ́kọ́rọ́ ẹ. Inú gbogbo wa dùn lónìí, má bà á jẹ́. Èmi ni mo ní kó o gbà á."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lọ bí mi ò bá borí. Èwo ni kí n gbọ́ nínú méjèèjì?"

Tíṣà fi bírò kan tábìlì. "Mo ti ní kó o mú un."

"Mi ò mú un." Ó nawọ́ sí ife ẹ̀yẹ. "Ẹ wo ife yẹn dáadáa. Ìranù ló gbé ààbọ̀ tó kù wá tó fi pé. Ẹ ò lè fi ẹnu kan pè é ní ìranù, kẹ́ ẹ tún fi ẹnu kan náà jẹ èrè rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìranù, ẹ dá ife padà fún àwọn ará báńkì, èmi náà á máa lọ sílé. Bí kì í bá ṣe ìranù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kí n kọ kí ni?"

"Orúkọ rẹ̀. Níbi tẹ́ ẹ ti máa ń fa ìlà."

Akọ̀wé kóòtù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ohun tí àwọn èèyàn sọ, sún mọ́ wọn díẹ̀. Tíṣà wo ìwé, ó wo ògiri tó yí i ká, ògiri tí kò sí ibi kan tó wọ́ lára rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó rò.

"Kí lo fẹ́ kí n pè é?" ó bi í níkẹyìn.

"Ìṣí Kọ́nà."

Tíṣà kọ ọ́. Ó yí ìwé sọ́dọ̀ rẹ̀. Kọ́nà tẹ̀ ba, ó dijú kan, ó fi ojú kejì wò ó láti ẹ̀gbẹ́, bó ṣe ń wo òkè ògiri.

"Ó dáa," ó wí. Ó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà, ó fa àga kan, ó jókòó tì í. "Ó ku mẹ́rìnlélọ́gọ́rin."

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kí ni?"

"Ìlà, sà. Ẹ ṣí i sẹ́yìn."

Panápaná bú sẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Tíṣà wo obìnrin náà bí ẹni pé yóò ní kó jáde. Lẹ́yìn náà ó nu bírò mọ́ etí aṣọ, ó ṣí ìwé sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kọ́nà ń kà á fún un: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì ṣàánú rẹ̀. Nígbà tó di ìkẹrìndínlógún, ọwọ́ tíṣà dúró lórí àṣekágbá ọdún tó kọjá, níbi tí ìlà ò sí, tí orúkọ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gùn láti etí dé etí. Ó gbójú sókè wò ó.

"Ẹ fo ìyẹn," Kọ́nà wí. "Tiyín nìyẹn."